Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: igun eré tí mo ṣe fún àwọn ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọmọ mi kékeré ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ mi nígbà tí mo ń rán apá bùbá lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kò kàn án, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ká aṣọ náà, mo sì gbé e pamọ́. Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, ni a ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ méjèèjì, obìnrin ọmọ ọdún 6 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 3, máa ń wà láti òwúrọ̀ títí bàbá wọn yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo ti fi tẹlifíṣọ̀n àti fóònù gbìyànjú láti mú wọn jókòó. Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, ẹkún ni yóò tẹ̀lé e, ọmọ tí ó ti fi wákàtí méjì wo àwòrán kì í sì í tètè rí ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sọ pé kí ọmọ ọdún 3 tàbí 4 má ṣe jókòó ti ẹ̀rọ aláwòrán ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, àti pé kí ó fi ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, ṣe oríṣiríṣi nǹkan tí yóò mú kí ara rẹ̀ máa lọ kí ó máa bọ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo ṣírò bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ nílé wa, mo sì rí i pé n kò fún ọmọ mi ní ibi kankan tí yóò ti lo ìṣẹ́jú 180 náà yàtọ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ń kọ ọ́ sí, lójú ewé ẹ̀yìn.

Mo pinnu pé ohun tí ó bá wà nílé tàbí tí owó kékeré lè rà lọ́jà ni a ó lò, àti pé àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò máa fi ọwọ́ ṣe é. Mo sì fi òṣùwọ̀n kan sí i: ohunkóhun tí a bá ṣe gbọ́dọ̀ lè mú kékeré dúró fún àkókò tí mo fi ń rán apá bùbá méjèèjì mọ́ ara aṣọ, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Aago fóònù ni mo ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: ààyè, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀

Mo fi téèpù wọn igun òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú. Láti etí rẹ̀ dé ibi pẹ́dàlì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sára aṣọ fa ààlà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì gbé bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé dábùú àárín, tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá gbójú sókè, mo lè rí orí àwọn ọmọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kékeré kò lè sáré wọ ọ̀dọ̀ mi láì yí bẹ́ǹṣì náà po. Ìwọ̀nba àkókò tí ó máa ń lò láti yí i po tó fún mi láti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì.

Nítorí pé sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà máa ń yọ̀ nígbà òjò, mo kó àjákù àǹkárá jọ, mo gé wọn ní ìwọ̀n íǹṣì 12 níbùú lóròó, mo rán 16 nínú wọn pọ̀, mo sì fi jíǹsì àtijọ́ ṣe abẹ́ rẹ̀ kí ó lè nípọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọ̀ mẹ́rin péré, kí pupa, àyìnrín, funfun àti dúdú lè máa tún ara wọn pàdé lórí ẹní náà. Orí ẹní yìí ni kékeré ti ń fò káàkiri bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti pe àwọ̀ kan, eré náà sì ti mú apá kan nínú ìṣẹ́jú 180 náà kúrò lọ́rùn mi láìná kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ tí ó gba àkókò jù lọ́sẹ̀ náà ni àyẹ̀wò. Ilé aránṣọ kún fún ohun tí ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun: bọ́tìnnì, bọ́bìnì, abẹ́rẹ́ olórí, ìkọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo mú páálí tí wọ́n ń wé tíṣù ilé ìyàgbẹ́ mọ́, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 àbọ̀, mo sì ń ju gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí tí ó bá gba inú páálí náà kọjá kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún 3 lè dé. Ìdérí ike omi gba ibẹ̀ kọjá, awùsá pàápàá, tí ó pọ̀ lọ́jà lásìkò yìí, gba ibẹ̀ kọjá. Mo kó gbogbo wọn sínú agolo olómorí, mo sì gbé e sórí pẹpẹ gíga tí èmi gan-an ní láti na ọwọ́ kí n tó kàn án.

Ohun tí kò gba páálí náà kọjá ni kóònù òwú, ìyẹn àwọn ike onígun ṣóńṣó tí òwú ńlá máa ń wé mọ́. Mo ní 14 tí òwú ti tán lára wọn, tí mo ti fẹ́ dà nù. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sì gbé wọn síwájú kékeré láì sọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe fèrè, lẹ́yìn náà ó rí i pé ọ̀kan lè wọ orí ìkejì, ó sì ń tò wọ́n títí wọ́n fi ga ju òun alára lọ, wọ́n wó, ó tún wọn tò. Ìṣẹ́jú 35. Mo rán apá méjèèjì tán, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ọrùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ọpọ́n ayò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ̀gbọ́n nílò nǹkan tí ó ju kóònù lọ. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìdànrè, ni wọ́n sọ pé ọmọ ọdún 6 ti tó láti mọ ayò. Èmi kò ní ọpọ́n nílé, ṣùgbọ́n mo ní kíréètì ẹyin. Kíréètì kan ní ilé ẹyin 30, 6 ní gígùn, 5 ní ìbú. Bí a bá fi àlùmágàjí gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ihò 12 ni yóò wà níbẹ̀, 6 níwájú olúkúlùkù, gẹ́gẹ́ bí ti ọpọ́n ayò gan-an. Kíréètì kan yóò mú ọpọ́n méjì jáde, yóò sì ku ìlà kan tí ó ní ihò 6, èyí tí a tọ́jú de iṣẹ́ mìíràn. Kíréètì tí ó mọ́ ni kí a lò, kí a sì sá a sóòrùn dáadáa, nítorí ìgbẹ́ adìẹ máa ń lẹ̀ mọ́ òmíràn, àìsàn inú sì lè ti ibẹ̀ wá.

Mo ra ọmọ ayò ní Ọjà Ọba lọ́wọ́ ìyá kan nísọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Mo ka 48 sílé, 4 fún ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí ìyá náà fi 5 kún un fún èyí tí yóò sọnù. Títí di ìsinsìnyí, 3 ti sọnù nínú 5 náà.

Ọpọ́n àkọ́kọ́ kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Òjò kan rọ̀ lóru, atẹ́gùn sì fẹ́ ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kíréètì náà ti rọ bí ẹ̀kọ tútù. Fún ìkejì, mo po sítáàṣì gbágùúdá, mo sì fi lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, mo jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí n tó lẹ òmíràn, mo sì fi àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́ parí rẹ̀. N kò fi ọ̀dà kùn ún, nítorí pé n kò fẹ́ kí ọ̀dà ilé wà lára ohun tí ọmọ yóò máa fọwọ́ kàn kí ó tó jẹun. Ọpọ́n náà le, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n n kò rántí pé aáyán fẹ́ràn sítáàṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti jẹ etí rẹ̀ yíká.

Ìgbà yẹn ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá káfíńtà tí ó wà ní òpin àdúgbò wa. Mo mú pákó kan tí mo rà dání, wọ́n gbé e wò, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, “Ìyá àwọn ọmọ, pákó yìí kò tíì gbẹ. Bí mo bá gbẹ́ ihò sí i lónìí, yóò ya kí oṣù tó parí.” Wọ́n fún mi ní àjákù ìrókò kan tí ó ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn fún ìgbà pípẹ́, íǹṣì 20 ní gígùn, íǹṣì 7 ní ìbú, íǹṣì 2 ní nínípọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 2 àbọ̀, kí ó má sì jìn ju íǹṣì 1 lọ, nítorí pé ìka ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́ rí iye ọmọ ayò tí ó wà níbẹ̀ láì ní láti kó wọn jáde. Ìta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n sì lé àwọn ọmọ sẹ́yìn, nítorí pé ìyẹ̀fun ìrókò máa ń ta ènìyàn nímú àti lójú. Ìyókù iṣẹ́ náà, ìyẹn fífi sanpépà dán inú ihò 12 náà, èmi àti ọmọ mi obìnrin ni a ṣe é. Ó fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta dán ihò 6 tirẹ̀, ó sì ń fi ìka rẹ̀ wá ibi tí ó ṣì le. N kò rí i kí ó ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá ọkọ mi kọ́ ọ ní títa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ṣe ju pé kí ó pín 4 sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó kà á dé 48, kí ó tún kó wọn jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ bí a ṣe ń kó ọmọ inú ihò kan, tí a ó máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, kí a tó yípo wọ ilé ẹnìkejì. Ọjọ́ kẹta ni ó tó mọ̀ pé ènìyàn ń jẹ nígbà tí ọmọ tí ó fi sílẹ̀ kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di 2 tàbí 3. Ó ti ń ṣírò báyìí kí ó tó kó. Kékeré kì í súnmọ́ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta á. Wọ́n a kà á pé 48 kí wọ́n tó dìde, bí ó bá sì dín kan, gbogbo ilé ni yóò wá a.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: àpò jíjù, àti fúláwà pípò

Fún kékeré, mo rán àpò aṣọ 8, íǹṣì 4 níbùú lóròó, mo tẹ ojú rán wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ẹ̀wà gbígbẹ kún inú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa jù wọ́n sínú abọ́ mẹ́ta tí mo tò sí ọ̀nà jíjìn tí kò dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí mo rán wọn, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sára àpò náà láti inú. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo yan àgbàdo gbígbẹ nínú ìkòkò láìfi òróró sí i títí ó fi gbóná dé inú, mo jẹ́ kí ó tutù, mo sì fi rọ́pò ẹ̀wà. Kòkòrò kò tíì padà wá.

Ọ̀rọ̀ fúláwà gba ìrònú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kò fẹ́ kí a máa fi oúnjẹ ṣeré, mo sì gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn, nítorí pé a mọ iye tí a ń ra oúnjẹ. Èyí tí a lò ni fúláwà kan tí kòkòrò ti wọ̀, tí a kò lè fi dín nǹkan kan mọ́. Mo jọ̀ ọ́, mo wọn ife 2, mo fi iyọ̀ ife 1 sí i, òróró ṣíbí 2, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 1, mo sì pò ó títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ó dára lọ́jọ́ tí mo pò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń ṣomi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹní, nítorí pé iyọ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ nínú oṣù Keje sì kún fún omi.

Nígbà tí mo tún un ṣe, mo sè é. Ife 2 fúláwà, ife 1 iyọ̀, ife 2 omi, òróró ṣíbí 2, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 2. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, mo gbé e sórí iná tí kò le, mo sì ń rò ó bí ẹni ro àmàlà, títí ó fi kó ara rẹ̀ jọ, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sílẹ̀. Nígbà tí ó tutù, mo tún un pò lórí pákó. Èyí kò ṣomi bíi ti àkọ́kọ́, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ike olómorí. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, bí ọmọ bá sì gbé èyí tí ó pọ̀ mì, ó lè ṣe é ní jàǹbá, nítorí náà mo máa ń jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi ṣeré. Ìyẹn ni pé kò kún òṣùwọ̀n mi nípa ìṣẹ́jú 25. N kò lè máa ránṣọ lọ nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Mo fi í sílẹ̀ fún alẹ́, nígbà tí mo bá ń tú àṣìrán, iṣẹ́ tí a lè ṣe lórí ẹní láàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ike omi lára ògiri

Ó ti di oṣù Kẹjọ, òjò sì dáwọ́ dúró díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe lásìkò náà, a sì lè jáde sí àgbàlá tí ó wà lábẹ́ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gé ike omi 5 ní ìdajì, mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì fi ẹlásítììkì so wọ́n mọ́ pákó kan tí a kàn mọ́ ògiri, ọ̀kan lókè, ìkejì díẹ̀ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ìkẹta lápá òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí omi tí a bá dà sínú ti òkè lè máa ti ẹnu ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì títí yóò fi dé inú abọ́.

Etí ike tí a gé máa ń mú bí abẹ. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo gbé áyọ́ọ̀nù kaná díẹ̀, mo tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ lé e lójú, mo sì da etí ike náà dé e fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ooru máa ń ká etí náà sínú, yóò sì dán. Bí ó bá pẹ́ jù, gbogbo ẹnu rẹ̀ yóò súnkì. Mo ba méjì jẹ́ kí n tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ kò sí nítòsí nígbà tí mo ṣe é.

Abọ́ tí omi ń bọ́ sí kò gbà ju lítà 3 lọ, kò sì jìn. N kò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, nítorí pé orí ọmọ kékeré wúwo bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè ṣubú fi orí kọ́ ọ, omi díẹ̀ sì tó láti pa ọmọ. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo sì gbé kẹ̀kẹ́ ìránṣọ súnmọ́ ọn kí ojú mi lè máa wà lára wọn. Omi yìí ni ó ju gbogbo nǹkan lọ nípa àkókò: ìṣẹ́jú 50, ìṣẹ́jú 65, títí aṣọ wọn fi tutù pátá. Kékeré fúnra rẹ̀ ni ó rí i pé bí òun bá fi ìka dí ẹnu ike kejì, omi yóò kún ọ́n títí yóò fi ṣàn kọjá etí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Àbùkù tí mo rí níbẹ̀ ni pé nígbà tí òjò padà, mo gbàgbé pákó náà síta fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì bá tanwíjí nínú ike ìsàlẹ̀ tí ìdọ̀tí ti dí lẹ́nu. Ẹ̀fọn kò nílò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ láti ti orí ẹyin di ohun tí ń fò. Láti ìgbà náà ni mo ti so pákó náà mọ́ ìkọ́, tí a lè yọ ọ́, tí a ó sì dorí rẹ̀ kodò bí wọ́n bá ti ṣeré tán. Ọmọ mi obìnrin ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: zobo, atalẹ̀ pupa, àti léèsì oníbàárà

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n jù nìyí. Mo fẹ́ ọ̀dà tí kò ní pa ọmọ lára bí ó bá kàn án lẹ́nu. Mo se ẹ̀kúnwọ́ zobo kan nínú ife omi 1, mo sẹ́ ẹ, mo sì pín in sínú mẹ́ta nínú ihò 6 tí ó ṣẹ́kù lára kíréètì ẹyin, lẹ́yìn tí mo ti tẹ́ ọ̀rá sínú wọn. Ìkíní wà bí ó ti wà. Mo kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì, ó sì pupa fòò. Mo po kán-ún díẹ̀ mọ́ omi, mo sì kán an sí ìkẹta. Pupa náà di àwọ̀ aró lójú wọn, ó sì ń fẹ́ di àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ méjèèjì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n tún un ṣe. Àwọ̀ inú zobo máa ń yí padà bí ohun kíkan tàbí ohun bíi kán-ún bá kàn án. Bí a bá tún kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí èyí tí ó ti di àwọ̀ aró, pupa rẹ̀ yóò padà wá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dán an wò. Kán-ún wà lọ́wọ́ mi nìkan, n kò gbé e fún wọn. Fún àwọ̀ òféèfèé, mo lọ atalẹ̀ pupa, mo pò ó mọ́ omi. Búrọ́ọ̀ṣì wọn ni orín tuntun tí a jẹ ẹnu rẹ̀ títí ó fi di fọ́nrán, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Wọ́n kun ẹ̀yìn páálí tí a ń wé aṣọ mọ́ fún ìṣẹ́jú 40 láì pè mí. Mo wà lórí léèsì funfun kan tí oníbàárà mi kan láti Ìjàpọ̀ fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Kékeré parí àwòrán rẹ̀, ó gbé e dání, ó yí bẹ́ǹṣì po pẹ̀lú ayọ̀ láti wá fi hàn mí, ó sì gbé ọwọ́ kejì lé orí aṣọ tí ó wà ní itan mi. Ìka márààrún, òféèfèé, lórí léèsì funfun.

Mo sáré fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni òféèfèé náà yí padà di pupa bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, jìnnìjìnnì sì bò mí. Ìyá ni wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, má fi ọṣẹ kàn án mọ́. Fi omi lásán ṣàn án, kí o sì fi í sóòrùn.” Mo ṣàn án lómi mẹ́rin, pupa náà sì padà di òféèfèé, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ohun kan náà tí mo fi han àwọn ọmọ nínú ihò kíréètì ni ó ṣẹlẹ̀ lórí aṣọ náà, nítorí pé bí kán-ún ti ń ṣe sí àwọ̀ ni ọṣẹ náà ń ṣe. Mo tẹ́ aṣọ náà sóòrùn ní tútù. Oòrùn a máa pa àwọ̀ atalẹ̀ pupa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ṣá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, n kò rí i mọ́ àfi bí mo bá gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún oníbàárà náà kí wọ́n tó gbé aṣọ wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì béèrè ọmọ náà pé kí ó wá kí àwọn.

N kò bá ọmọ mi wí, nítorí pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo ti ṣètò ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́, mo ti ṣètò ohun èlò, mo ti gbé bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ronú kan ohun tí ọmọ ń fẹ́ nígbà tí ó bá parí. Ó fẹ́ kí n rí i. Nígbà tí mo tú ìwé mi padà sẹ́yìn, mo rí i pé gbogbo ìgbà tí ó yí bẹ́ǹṣì po láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nǹkan ni: kóònù ga, àpò wọ abọ́, omi kún ike. Kódà lọ́jọ́ tí ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àjákù aṣọ kan tí ó ti ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ka èyí sí nǹkan kan nígbà náà.

Àtúnṣe

Mo rán ọ̀já jíǹsì kan, íǹṣì 3 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, mo sì kàn án mọ́ ògiri igun náà pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ìṣó ní gbogbo íǹṣì 8, ní ibi tí ọwọ́ kékeré lè dé, tí ojú mi sì lè rí tààrà láti ìdí kẹ̀kẹ́. N kò ta okùn, nítorí pé okùn tí ó sọ̀ sílẹ̀ lè lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn. Mo fi ìkọ́ aṣọ sísá 6 há ara ọ̀já náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá parí nǹkan, yóò fi í há ibẹ̀, yóò sì pè mí láti ibi tí ó wà. Èmi náà yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, n ó wò ó, n ó sì sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún un gan-an, bóyá pé pupa rẹ̀ pọ̀ ju ti àná lọ tàbí pé ìlà yìí gùn. Gbólóhùn kan tàbí méjì péré ni. Fún ilé kóònù àti omi tí a kò lè fi kọ́ ògiri, ìpè náà nìkan ti tó.

Láti ọjọ́ tí mo ti kàn án, ọjọ́ 11 ti kọjá, kékeré sì ti yí bẹ́ǹṣì po lẹ́ẹ̀mejì péré, ìgbà méjèèjì sì jẹ́ pé ó fẹ́ tọ̀.

Ohun tí ó kù: kóònù kan ti ya, mo ti mú un kúrò. Ihò kẹta lápá òsì ọpọ́n ayò ṣì le díẹ̀ lábẹ́, a ó fi sanpépà kàn án ní Sátidé. Ìkọ́ aṣọ 6 kò tó mọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n ti gba 5 nínú wọn, àbúrò rẹ̀ sì ń sunkún. N ó ra 6 mìíràn bí mo bá lọ ra òwú ní Ọjà Ọba, n ó sì rán ọ̀já kejì fún un nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́.